Àwọn Tó Sin Ràímì Kúrò Nínú Ọkọ̀

Ẹni tó bá rò pé àròsọ ni, kó lọ sí etí ọ̀sà Ọ̀jọ́ kó béèrè. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú wọn ṣì wà láàyè, ara wọn sì le. Oníbúrẹ́dì tó kọ́kọ́ rí ohun tí kò yé e ṣì ń gbé àtẹ rẹ̀ jáde lójoojúmọ́. Wọn kì í búra sí i, wọn kì í sì í fi iyọ̀ sí i. Bó ti ṣẹlẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ ọ́. Bí wọ́n bá sọ ọ́ tán, wọ́n á rẹ́rìn-ín, torí kò sí ohun mìíràn tí ènìyàn lè ṣe sí i.

Ọkọ̀ kan wà lábẹ́ ọ̀sà ní ọ̀kánkán Ọ̀jọ́, níbi tí omi ti dúdú. Ọkọ̀ eléèéfín ni. Láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, èédú ni wọ́n fi ń dáná sí i nínú, èéfín á máa rú lókè orí rẹ̀, fèrè rẹ̀ á sì dún tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará Iba fi ń gbọ́ ọ lóko. Òun ló ń kó èrò àti ẹrù láti Àgbádárìgì wá sí Èkó: epo pupa, àgbọn, lẹ́tà, àwọn oníṣòwò, àwọn tíṣà. Wọ́n kọ orúkọ òyìnbó kan sí i lára, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó pè é ní orúkọ yẹn rí. Eléèéfín ni gbogbo ayé ń pè é.

Ọ̀sán gangan ló rì. Kò sí ìjì, kò sí òjò. Omi tẹ́ bí ẹní. Àwọn tó wà ní èbúté rí i tó ń bọ̀. Wọ́n gbọ́ fèrè rẹ̀. Wọ́n tún gbọ́ orin láti inú rẹ̀, torí wọ́n ń sin ìyàwó kan bọ̀ wá sílé ọkọ ní Ọ̀jọ́. Lẹ́yìn náà ọkọ̀ náà dúró, bí ẹni tó rántí nǹkan. Ó sì rọra wọ inú omi lọ.

Àwọn apẹja sáré gbé ọkọ̀ àjẹ̀ wọn lọ bá a. Wọ́n yọ ọ̀pọ̀ èrò. Wọ́n yọ ìyàwó náà, torí ó ti gòkè láti wo bí ìlú ọkọ rẹ̀ ṣe rí. Àwọn tó ń sìn ín nìkan ni wọn kò rí yọ. Yàrá ńlá ìsàlẹ̀ ni wọ́n wà, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n ń kọrin. Àwọn tó wà létí omi ní orin náà kò dá. Ńṣe ló ń lọ sílẹ̀, ó ń lọ sílẹ̀, títí etí kò fi gbọ́ ọ mọ́. Ìjọba ní ọkọ̀ náà kọlu nǹkan ni. Kí ló kọlù? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Òkú ẹnì kankan nínú àwọn tó ń sin ìyàwó kò léfòó títí di òní.

Nísinsìnyí, ibẹ̀ ti di ibi ìbẹ̀wò àwọn òmùwẹ̀. Àwọn kan ń ti Èkó wá, wọ́n á pọn àgbá afẹ́fẹ́ sẹ́yìn, wọ́n kàn fẹ́ wò ó ni. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1988 tí à ń sọ yìí, àwọn tó ń wá idẹ àti bàbà nìkan ló ń bẹ̀ ẹ́ wò. Ràímì Làmídì wà lára wọn.

Ará Ìṣẹ́yìn ni bàbá Ràímì, Okokomaiko ni wọ́n bí òun sí. Àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn gáréèjì, ohùn rẹ̀ sì tinrín. Àyàndélé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń tukọ̀ fún un. Òun náà ló ń mójú tó ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rọ́bà gígùn tí Ràímì ń há sẹ́nu lábẹ́ omi. Ẹ̀rọ fọkanáísà ni tẹ́lẹ̀. Táyà ló ti ń fẹ́ ní Okokomaiko kó tó di ẹni tó ń fẹ́ ènìyàn.

Àwọn àgbà òmùwẹ̀ tó kọ́ Ràímì níṣẹ́ fi àṣà kan lé e lọ́wọ́. Bó bá dé ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ náà, kò gbọdọ̀ wọlé láìkàgò. Yóò fi irin ọwọ́ rẹ̀ kan ara ọkọ̀, yóò dúró díẹ̀. Bó bá ń jáde, yóò tún kàn án. Bó bá wá gòkè tán, yóò kọjú sí omi, yóò wí pé, "Ẹ ṣeun. Ẹ padà báyìí, ó tó gẹ́ẹ́."

Ohun tí gbogbo ẹni tí wọ́n kọ́ nílé mọ̀ ni. Àlejò kì í dá jáde nílé onílé. Onílé á sìn ín sọ́nà. Àlejò ló sì gbọ́dọ̀ sọ pé kó padà. Bí kò bá sọ ọ́, ojú á máa ti onílé láti já a sílẹ̀ lọ́nà, wọ́n á sì jọ máa lọ ni.

Ràímì kì í fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Àyàndélé ló ń fi í ṣeré.

"Ta lò ń dá padà? Ẹja?"

"Ìwọ sáà máa wo ẹ̀rọ ẹ."

"Mò ń béèrè ni jàre. Bí wọn ò bá padà, kí n tètè lọ wá bẹ́ǹṣì tí wọ́n máa jókòó lé."

Ohun tó ń dun Ràímì lọ́dún náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ idẹ. Wúràọlá ni. Wúràọlá ń ránṣọ ní Iba, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ló pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà rẹ̀. Òun àti Ràímì ti gbà láti fẹ́ra. Bàbá rẹ̀ gbà, ìyá rẹ̀ gbà. Ó ku ìyá bàbá rẹ̀, Ìyá Àgbà Àríkẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń fẹ́ ọmọ jáde nínú agbo ilé náà láìjẹ́ pé Ìyá Àgbà gbàdúrà lé e lórí.

Ìyá Àgbà kọ̀. Kò tilẹ̀ fẹ́ fojú kan Ràímì.

"Ilé àwọn ènìyàn mi ló ń wọ̀ kiri yẹn," ló máa ń sọ. "Kò lè máa tú ẹrù wọn, kó tún wá máa fẹ́ ọmọ wọn."

Torí òun ni ìyàwó tí wọ́n yọ nínú Eléèéfín.

Apẹja kan ló gbé e dé ẹnu ọ̀nà ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, tòun ti aṣọ òfì tó ń kán omi tótó. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti gbé igbá omi jáde láti wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe fún gbogbo ìyàwó tuntun kó tó wọlé. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ta ló sìn ọ́ wá?"

Kò sí.

"Ta ló máa fà ọ́ lé wa lọ́wọ́?"

Kò sí. Wọ́n da omi náà nù. Wọ́n mú un wọlé, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀. Ó bímọ, ó rí ọmọ ọmọ, ó sin ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún tó ti ń gbénú ilé náà, bí ó bá sì di ìrọ̀lẹ́, orí ìloro ló máa ń jókòó sí, á na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì síta. Bí ẹnì kan bá ní kó wọlé, á rẹ́rìn-ín. "Mi ò tíì dé," ló máa ń wí.

Lẹ́nu ọjọ́ mélòó kan, wọ́n gbọ́ pé sájẹ́ǹtì kan láti bárékè Ọ̀jọ́ ń bọ̀ wá tọrọ Wúràọlá lọ́jọ́ Àìkú. Bàbá Wúràọlá pe Ràímì. Ó ní, "Ọmọ mi, bí Ìyá kò bá dá ọ lóhùn kí sájẹ́ǹtì tó dé, má bínú sí mi." Ràímì kò bínú. Kò kàn lè jẹun mọ́ ni.

Ọjọ́ Ẹtì ló wọmi. Ọyẹ́ mú. Kùrukùru bo ojú ọ̀sà, oòrùn funfun bí abọ́ tánganran. Ràímì kan ara ọkọ̀, ó dúró, ó wọlé. Ó rí idẹ kan tó lẹ̀ mọ́ ògiri, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó kọjá níwájú yàrá ńlá ìsàlẹ̀. Ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì bó ti máa ń wà. Kò sí òmùwẹ̀ tó rí i ní ṣíṣí rí. Ó jáde. Ó kan ara ọkọ̀ pé òun ń lọ.

Ohun kan kàn án padà.

Kò le. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn fi ìka kan àpótí. Ràímì dúró nínú òkùnkùn omi, rọ́bà lẹ́nu rẹ̀. Ó sọ lọ́kàn rẹ̀ pé ẹ̀rọ Àyàndélé ló ń gbọ̀n. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀rọ ni. Okùn tó so ìbàdí rẹ̀ mọ́ ọkọ̀ Àyàndélé fà, ó sì gòkè.

Àyàndélé ń fò nínú ọkọ̀. "Wò ó! Wò ó! Wo etí omi!"

Wúràọlá ló wà létí omi, ó ti tú gèlè, ó ń fì í sókè bí ọlọ́pàá tó ń darí ọkọ̀. Ohùn rẹ̀ ta lójú omi. "Bọ̀dá Ràímì! Ìyá Àgbà ní kẹ́ ẹ wá! Ní báyìí!"

Ràímì pariwo bí ọmọdé. Ó fò wọ inú ọkọ̀, ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú dé. Ó dì mọ́ Àyàndélé, ó gbé e, ó gbé e sílẹ̀. Kò kọjú sí omi. Kò sọ ọ̀rọ̀ kankan.

Àyàndélé pa ẹ̀rọ, ó mú àjẹ̀. Gbogbo ibi pa lọ́lọ́. Kò sí ẹyẹ. Ó wa ọkọ̀ díẹ̀, ó dúró.

"Kí lo kó wá lónìí?"

"Mi ò kó nǹkan kan."

"Idẹ ńkọ́?"

"Mo fi sílẹ̀."

"Ọkọ̀ yìí wúwo o."

Omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí ọkọ̀. Àyàndélé tún wa ọkọ̀. Wọ́n gúnlẹ̀. Ràímì bọ́ sílẹ̀. Àyàndélé bọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn méjèèjì ti bọ́ sílẹ̀ tán, ọkọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń gòkè, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí èrò bá ń bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ara wọn. Àyàndélé wò ó. Ràímì kò wò ó. Wúràọlá ló ń wò.

"Kí ni Ìyá sọ gan-an?" ni Ràímì bi í.

"Wọ́n sùn lọ́sàn-án, wọ́n jí, wọ́n ní kí n bá wọn gbé omi ìwẹ̀. Wọ́n wẹ̀ tán, wọ́n ní, 'Lọ pe òmùwẹ̀ yẹn. Kó wá. Kó má dá wá o.'"

"Kí n má dá wá? Ta ni kí n mú dání?"

"Èmi nìyí," ni Àyàndélé wí. "Ẹran wà níbẹ̀ àbí kò sí?"

Wọ́n mú ọ̀nà ilé pọ̀n. Eruku ọyẹ́ bo ojú ọ̀nà, ó gbẹ, ó funfun. Adéníkẹ́ oníbúrẹ́dì ń bọ̀ níwájú, àtẹ lórí. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà pátápátá, bí ẹni tó fẹ́ kí èrò kọjá.

"Ẹ kú ìnáwó o! Ìyàwó ta lẹ̀ ń sìn?"

"Àwa mẹ́ta yìí?" ni Àyàndélé dá a lóhùn. "Ìyàwó wo lo rí lọ́dọ̀ wa?"

"Ẹ̀yin mẹ́ta?" Adéníkẹ́ wo ẹ̀yìn wọn. Ẹ̀rín tó wà lẹ́nu rẹ̀ dúró síbẹ̀, kò lọ, kò bọ̀. Ó sọ àtẹ búrẹ́dì rẹ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó kúnlẹ̀, bí ènìyàn ti ń kúnlẹ̀ kí àgbàlagbà.

Wọ́n wẹ̀yìn.

Ipa ẹsẹ̀ ni. Ipa ẹsẹ̀ tútù, lórí eruku gbígbẹ, láti ọ̀nà ọ̀sà wá. Ti ọkùnrin wà níbẹ̀, ti obìnrin wà níbẹ̀. Ẹnì kan wọ bàtà onígìgísẹ̀. Ẹnì kan ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì, ó ń fa ilà kékeré lẹ́yìn ara rẹ̀. Wọ́n wà lẹ́yìn àwọn mẹ́ta náà pẹ́kípẹ́kí, bí ogunlọ́gọ̀ tí kò fẹ́ já àlejò sílẹ̀. Kò sí ènìyàn kankan lórí wọn.

"Ẹ jẹ́ ká sáré," ni Àyàndélé sọ, ohùn rẹ̀ ti di ti ìyàwó ilé tó rí ejò.

"Èèyàn kì í sá fún ẹni tó ń sìn ín," ni Wúràọlá dá a lóhùn.

Ràímì fọwọ́ bo orí. "Mi ò sọ ọ́."

"Ẹ ò sọ kí ni?"

"Nígbà tí mo gòkè. Mi ò ní kí wọ́n padà. Ayọ̀ ló mú mi gbàgbé." Ó yíjú sí ọ̀nà ọ̀sà. Ó gba èémí. "Ẹ ṣeun. Ẹ pa..."

Wúràọlá fọwọ́ bò ó lẹ́nu.

"Ìyá Àgbà ní kẹ́ ẹ má dá wá."

Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ń ba Ràímì dé egungun. Bó bá sọ ọ́, wọ́n á padà, ara á tù ú. Yóò sì dé iwájú ìyá arúgbó náà ní òun nìkan, sájẹ́ǹtì yóò dé lọ́jọ́ Àìkú. Ó wo Wúràọlá. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò ní ẹnu, ó sì dì í mú.

"Ẹ máa bọ̀ o," ló wí, láìwẹ̀yìn. Wọ́n sì ń lọ.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ orin náà. Kò sókè. Ó dà bí rédíò tí wọ́n tàn sílé kejì, tí wọ́n wá da ìkòkò bò. Orin ayọ̀ ni. Kò pẹ́ tí Àyàndélé, pẹ̀lú gbogbo ìbẹ̀rù rẹ̀, fi bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí sí i.

Ìyá Àgbà jókòó lórí ìloro. Ó ti wọ aṣọ òfì àtijọ́ kan tí Wúràọlá kò rí i wọ̀ rí. Ràímì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìyá kò wò ó. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń wò, ojú rẹ̀ sì ń dán bí ti ọmọge.

"Ẹ káàbọ̀," ló wí. "Ẹ mà pẹ́ o." Ó tẹjú mọ́ ilẹ̀, níbi tí ilà kékeré náà parí sí níwájú rẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí Àpèkẹ́! Ẹsẹ̀ yẹn kò tíì san títí dòní?"

Àpèkẹ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ṣáájú àwọn tó ń sìn ín lọ́jọ́ náà. Láti kékeré ló ti ń tiro.

Ìyá Wúràọlá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹnu rẹ̀ là.

"Ìwọ lo jẹ́ ìyàwó ilé yìí báyìí," ni Ìyá Àgbà sọ fún un. "Gbé omi wá. Wọ́n ti fà mí lé yín lọ́wọ́."

Ó gbé igbá omi wá. Ó kúnlẹ̀, ó da omi sí ẹsẹ̀ arúgbó náà, ọ̀tún, òsì. Orin náà dákẹ́ bí ìgbà tí gbogbo èrò bá jọ ń wo nǹkan kan. Ìyá Àgbà dìde fúnra rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé. Ó yíjú padà.

"Ẹ ṣeun," ló wí. "Ẹ padà báyìí, ó tó gẹ́ẹ́."

Ràímì wo ilẹ̀. Àwọn ipa ẹsẹ̀ náà ń gbẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá èyí tó kọjú sí ọ̀nà ọ̀sà. Kò rí ẹyọ kan.

"Ìwọ òmùwẹ̀," ni Ìyá Àgbà pè é láti inú ilé. "O ṣì dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀? Dìde, Wúràọlá ti di tìẹ. Ṣùgbọ́n má wọ ilé wọn mọ́."

Kò wọ̀ ọ́ mọ́. Òmùwẹ̀ mìíràn ló wọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó ní ilẹ̀kùn yàrá ìsàlẹ̀ ti ṣí gbayawu. Kò sí egungun níbẹ̀, kò sí àga. Ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ bí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Àwọn kan sì ń retí pé Ìyá Àgbà á kú, torí bí irú rẹ̀ ṣe máa ń parí nìyẹn. Ìyá Àgbà kò kú. Ó ń jẹ ẹ̀kọ, ó ń bú àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀, ó sì ti fi ìloro sílẹ̀. Inú yàrá ló ń jókòó sí.

Wọ́n gbé ìyàwó kí ọyẹ́ tó lọ. Mọ́tò ni wọ́n fi gbé Wúràọlá láti Ọ̀jọ́ lọ sí ilé Ràímì ní Iba, òun, Ìyá Àgbà, àti àwọn díẹ̀ tó sìn ín. Bí awakọ̀ ti bọ́ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo táyà.

"Èèyàn mélòó lẹ kó sínú mọ́tò yìí? Ó ti wúwo jù."

Àyàndélé gbọ́.

Ìyá Ràímì gbé igbá omi jáde. Ó kúnlẹ̀ níwájú ìyàwó, ó ká etí aṣọ rẹ̀ sókè. Kò tíì da omi kankan. Ó dúró.

Ẹsẹ̀ Wúràọlá ti tutù. Omi ń kán lára ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ń run ọ̀sà.

"Ta ló ti wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó wa?"

Ìyá Àgbà ń wo òkè, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ràímì súnmọ́ ọn.

"Ìyá, ṣé wọ́n padà lọ́jọ́ yẹn?"

"Mo ní kí wọ́n padà. Ṣebí o fi etí ara ẹ gbọ́."

Ràímì wo ojú ọ̀nà tó ṣófo. Ó mọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ. Ó la ẹnu. Ṣùgbọ́n òun ni onílé lónìí, wọ́n sì ti ọ̀nà jíjìn wá.

"Ẹ kú ìrìn o," ló wí. "Ẹ wọlé, ẹ jẹun."

Àyàndélé dìde. Ó lọ sílé kejì, ó gbé bẹ́ǹṣì gígùn kan wá, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Kò sẹ́ni tó jókòó lé e títí ìnáwó fi parí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé e padà fún ẹni tó ni ín, ó tutù rinrin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.